Ìdámọ̀ ojúlówó Alfa Romeo Giulia Sprint GTA

Ìdámọ̀ ojúlówó Alfa Romeo Giulia Sprint GTA jẹ́ àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣe láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GTA wà lóòótọ́ lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ Alfa Romeo ti ilẹ̀ Ítálì ṣe láti ọdún 1965, tàbí ó jẹ́ Giulia Sprint GT lásán tí ẹnìkan ti tún ṣe kí ó lè jọ GTA. Ó ṣòro kí ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjèèjì, nítorí pé àwòrán ara kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ GT àti àwọn ẹ̀yà tó tẹ̀lé e ju 200,000 lọ, nígbà tí GTA oní-síísíì 1600 jẹ́ 500 péré. Àìpọ̀ yìí ni ó sọ GTA di ọkọ̀ olówó iyebíye, òun náà ni ó sì mú kí àwọn oníjìbìtì máa ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà dúró lé lórí: irin, nọ́ńbà àti ìwé. Irin ni ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nọ́ńbà ni òǹtẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ lù mọ́ ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìwé ni àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, ti ìjọba àti ti àwọn àjọ eré ìje. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dá ẹ̀rí jẹ́, nítorí pé kò sí èyí tí a kò lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ara mu ni a tó lè sọ pé ojúlówó ni ọkọ̀ kan.

Ìtàn ọkọ̀ náà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 ni Alfa Romeo fi Giulia Sprint GT han gbogbo ayé. Giorgetto Giugiaro ni ó ya àwòrán ara rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Bertone ní Torino. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí Alfa Romeo kọ́ sí Arese, nítòsí ìlú Milano, ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Ó yára, ó sì dára fún ojú pópó, àmọ́ irin tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ mú kí ó wúwo fún eré ìje.

Lábẹ́ òfin àjọ FIA, tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ilé-iṣẹ́ kan kò lè mú ọkọ̀ wọ ìdíje àwọn ọkọ̀ ojú pópó àyàfi bí ó bá ti ṣe iye kan pàtó nínú rẹ̀. Èyí ni ó fà á tí Alfa Romeo fi ṣe 500 GTA dípò kí ó ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ fún àwọn awakọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1965 ni wọ́n fi ẹ̀yà náà hàn níbi àfihàn ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. Lẹ́tà A tó wà nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún «alleggerita», ọ̀rọ̀ èdè Ítálì tó túmọ̀ sí «èyí tí a mú fúyẹ́». Orúkọ náà kò parọ́: GTA wọn nǹkan bí kìlógírààmù 745 nígbà tí kò sí epo nínú rẹ̀, èyí tó fi nǹkan bí 200 kìlógírààmù fúyẹ́ ju GT lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ta á. Èkíní ni èyí tí wọ́n pè ní «stradale», ìyẹn ti ojú pópó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 115. Èkejì ni «corsa», ti eré ìje, tí agbára rẹ̀ lè tó ẹṣin 170. Autodelta, ẹ̀ka eré ìje tí ẹnjiníà Carlo Chiti ń darí ní Settimo Milanese, ni ó máa ń tún ti eré ìje ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1966, Jochen Rindt fi GTA gba ipò kìíní nínú ìdíje Trans-Am àkọ́kọ́ ní Sebring, ní ìpínlẹ̀ Florida, Amẹ́ríkà. Andrea de Adamich náà fi GTA gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù fún ọkọ̀ ojú pópó nínú ìpele rẹ̀ ní ọdún 1966 àti 1967.

Àwọn ẹ̀yà tó ń jẹ́ GTA

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ GTA. Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ èyí tí wọ́n sọ pé ọkọ̀ náà jẹ́:

– GTA 1600 ni àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ síísíì 1570. 500 ni wọ́n ṣe.
– GTA-SA jẹ́ ti eré ìje nìkan. Ó ní ẹ̀rọ tí ń fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, agbára rẹ̀ sì tó ẹṣin 220. 10 péré ni wọ́n ṣe ní ọdún 1967 sí 1968.
– GTA 1300 Junior jáde ní ọdún 1968. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ síísíì 1290, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 96 ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe nǹkan bí 450.
– GTAm ni èyí tó kẹ́yìn nínú eré ìje. Ara GTV 1750 ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà irin ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Nǹkan bí 40 ni wọ́n ṣe.

Ìyàtọ̀ àwọn ẹ̀yà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àmì tó ń fi ojúlówó ẹ̀yà kan hàn lè jẹ́ àmì ayédèrú lára òmíràn. Bí àpẹẹrẹ, GTA 1600 ní ike dípò gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ní ìdérí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi magnẹ́síọ̀mù ṣe; GTA 1300 Junior kò ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nígbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n 1600 wọn Junior lè pe ojúlówó ní ayédèrú.

Ìdí tí ayédèrú fi pọ̀

Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí GTA rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ítálì mìíràn lọ.

Èkíní ni pé ọkọ̀ tí wọ́n lè fi ṣe é wà káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú Ferrari àtijọ́ gbọ́dọ̀ rọ ara ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti GTA kàn ní láti ra GT olówó pọ́ọ́kú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀.

Èkejì ni pé àwọn ẹ̀yà ara GTA ṣì wà lọ́jà títí di òní. Nítorí pé wọ́n ṣì ń lo ọkọ̀ náà nínú ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń rọ páànù alumíníọ̀mù tuntun, ìdérí ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, àti rímù tó jọ ti Campagnolo. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, nítorí pé láìsí wọn, àwọn ojúlówó tó kù kò ní lè rìn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí wọ́n fi ń tún ojúlówó ṣe ni wọ́n fi ń dá ayédèrú.

Ẹ̀kẹta ni pé ìtàn àwọn ojúlówó fúnra wọn dàrú. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n lò nínú eré ìje, tí wọ́n forí gbárí, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì tún forí gbárí. Ní àkókò yẹn, ohun èlò iṣẹ́ ni wọ́n ka GTA sí. Bí ọkọ̀ kan bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n á yọ ohun tó wúlò lára rẹ̀, wọ́n á sì da ìyókù nù. Àlàfo tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ ni oníjìbìtì máa ń wá.

Ó yẹ kí a ya àdàkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Àdàkọ ni ọkọ̀ tí ẹnìkan ṣe kí ó jọ GTA, tó sì pè é ní àdàkọ ní gbangba. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ kan náà di ayédèrú ní ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá fi orúkọ àti nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ tà á. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àdàkọ kò ní èrò jìbìtì kankan. Ọwọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta tó rà á ni ó gbàgbé òtítọ́, tàbí tó fi pamọ́.

Àyẹ̀wò ara ọkọ̀

Irin ni wọ́n fi ṣe egungun GTA 1600, èyí tó jẹ́ tín-ín-rín ju ti GT lọ. Páànù ìta rẹ̀ ni wọ́n fi alumíníọ̀mù tí a pò mọ́ magnẹ́síọ̀mù díẹ̀ ṣe, èyí tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Peraluman 25. Nítorí náà, òòfà ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú lọ síbi ọkọ̀ náà. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ òrùlé, ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n pè ní GTA 1600, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i tó nílò àlàyé.

Ṣùgbọ́n òòfà kì í fìdí òtítọ́ múlẹ̀; irọ́ nìkan ni ó lè tú fó. Páànù alumíníọ̀mù tuntun tí wọ́n kàn mọ́ ara GT lásán kò ní fa òòfà rárá. Ohun tó le jù láti fara wé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà so páànù mọ́ egungun. A kò lè fi iná wẹ́dà so alumíníọ̀mù mọ́ irin bí a ti ń so irin mọ́ irin. Àtè àti ríbẹ́ẹ̀tì ni Alfa Romeo fi so wọ́n pọ̀. Onímọ̀ máa ń wo ìlà ríbẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ní etí àyè ilẹ̀kùn, nínú búùtù àti lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń wo bí wọ́n ti jìnnà síra wọn, bí orí wọn ti tóbi tó, àti bóyá wọ́n bá ti ọkọ̀ tí ìtàn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn mu. Bí a bá rí àpá iná wẹ́dà ti ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ríbẹ́ẹ̀tì, ó fi hàn pé páànù irin wà níbẹ̀ rí, àti pé GT ni ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú máa ń sọ̀rọ̀. Níbi tí alumíníọ̀mù àti irin bá ti fara kan ara wọn tí omi sì wọ àárín wọn, ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwà àwọn mẹ́táàlì méjèèjì máa ń mú kí alumíníọ̀mù jẹrà, tí yóò sì yọ lẹ́búlẹ́bú funfun. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún tó ju 50 lọ láì ní irú àmì yìí níbikíbi jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀ pátápátá, tàbí ọkọ̀ tí páànù rẹ̀ kò tíì pẹ́. Méjèèjì ń béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti àwòrán.

Àwọn ohun èlò kan tún wà tó ń ran ojú lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà ti nípọn tó lè fi ibi tí wọ́n ti fi pọ́tì dí hàn. Kámẹ́rà kékeré tó ní okùn gígùn lè wọ inú ihò egungun ọkọ̀. Ẹ̀rọ alágbèéká tó ń fi ìtànṣán X ka èròjà inú mẹ́táàlì lè sọ irú alumíníọ̀mù tí páànù jẹ́. Ẹ̀rọ yìí kò lè sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, ṣùgbọ́n bí páànù mẹ́rin bá jẹ́ irú kan tí ẹyọ kan sì jẹ́ irú mìíràn, a mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn.

Àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì GTA 1600 ní púlọ́ọ̀gì méjì fún ihò píísítìn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́jọ lápapọ̀, nígbà tí ti GT jẹ́ mẹ́rin. Kabúrétọ̀ Weber tó wà lára rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45, ti GT sì jẹ́ 40. Magnẹ́síọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, àwo epo ìsàlẹ̀, ìdérí ṣéènì iwájú àti ilé kílọ́ọ̀ṣì, kí ó lè fúyẹ́.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára láti wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò lágbára tó ti ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé gbé láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn ní ọjọ́ kan. Nínú eré ìje, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó bàjẹ́ kò sì ní padà sí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Magnẹ́síọ̀mù pẹ̀lú kì í tọ́jọ́. Omi àti ooru máa ń jẹ ẹ́ run. Nítorí náà, GTA ojúlówó lè ní ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe tirẹ̀, ayédèrú sì lè ní ẹ́ńjìnnì GTA gidi.

Àyẹ̀wò nọ́ńbà

Nọ́ńbà ṣáàsì GTA 1600 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR613, tí ti GTA 1300 Junior sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR775. Wọ́n lu nọ́ńbà náà mọ́ ògiri irin tó ya ilé ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá awakọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà irú tirẹ̀: 105.02 ni ti Sprint GT, 105.32 ni ti GTA 1600 tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì, 105.34 sì ni ti èyí tó wà lápá ọ̀tún. Junior jẹ́ 105.59.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì GT bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR00502. Ti GTA 1600 jẹ́ AR00502/A. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ bí iyanrìn àti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kàn ka nọ́ńbà lásán. A gbọ́dọ̀ wo bí wọ́n ti lù ú. Ojúlówó òǹtẹ̀ ní ìrísí lẹ́tà tirẹ̀, ìjìnlẹ̀ tirẹ̀ àti àlàfo tirẹ̀. Onímọ̀ máa ń ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ̀ tí nọ́ńbà wọn sún mọ́ra.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn oníjìbìtì sábà máa ń gbà. Wọ́n lè fi fáìlì ha nọ́ńbà àtijọ́ dànù kí wọ́n sì lu tuntun. Wọ́n lè gé apá ibi tí nọ́ńbà wà lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, kí wọ́n fi iná wẹ́dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Wọ́n sì lè lo nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n gbà pé kò sí mọ́. Fún ti àkọ́kọ́, àwọn olùwádìí ọ̀daràn mọ̀ pé ìlù òǹtẹ̀ máa ń yí ìwà irin padà títí dé ìsàlẹ̀ ibi tí ojú lè rí. Ásíìdì tàbí ẹ̀rọ tó ń lo agbára òòfà lè mú nọ́ńbà tí wọ́n ha dànù padà wá sójú. Fún ti èkejì, ẹ̀yìn ògiri irin náà ni wọ́n máa ń wò, nítorí pé ó ṣòro láti fi àpá iná pamọ́ níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé lára rẹ̀, irin lè má sọ nǹkankan. Ìwé nìkan ni ó lè tú u, tàbí ìgbà tí ọkọ̀ kejì tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà bá yọjú.

Kì í ṣe gbogbo òǹtẹ̀ tuntun ni ó jẹ́ jìbìtì. Òfin ìrìnnà Ítálì ti ọdún 1992, nínú abala 74, ka fífọwọ́ kan nọ́ńbà ṣáàsì sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gbà pé bí nọ́ńbà bá parẹ́ tàbí tí kò ṣeé kà mọ́, ọ́fíìsì ìjọba tó wà fún un lè lu nọ́ńbà mìíràn sí i. Irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní àmì ọ́fíìsì náà ṣáájú nọ́ńbà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tó ní òǹtẹ̀ tuntun láìsí àmì yìí kò ní àwáwí.

Àyẹ̀wò ìwé

Ilé ìpamọ́ ìwé Alfa Romeo wà ní Arese, pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n tún ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2015. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ṣáàsì ránṣẹ́ síbẹ̀ lè mọ ọjọ́ tí wọ́n parí ọkọ̀ náà, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún, àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tà á sí. Bí ìwé bá sọ pé funfun ni ọkọ̀ náà nígbà tó jáde, tí a kò sì rí ọ̀dà funfun kankan ní kọ̀rọ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kùn lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè ti dé.

Ní Ítálì, ìwé orúkọ àwọn tó ti ni ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ PRA, àkọsílẹ̀ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1927, tí àjọ ACI sì ń bójú tó. A lè rí i níbẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń bọ́ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Fún ọkọ̀ eré ìje, èsì ìdíje, àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà àti fọ́tò máa ń ṣèrànwọ́. Àpá kan lára ọkọ̀ nínú fọ́tò àtijọ́, tàbí ihò tí wọ́n lu fún iná ìje, lè bá ohun tó wà lára irin títí di òní mu.

Ohun tí ìwé kò lè ṣe ṣe pàtàkì bí ohun tó lè ṣe. Ìwé ilé-iṣẹ́ ń sọ pé ọkọ̀ kan tó ní nọ́ńbà báyìí jáde ní ọjọ́ báyìí. Kò sọ pé irin tó wà níwájú wa lónìí ni ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá mú ìwé tòótọ́ wá pẹ̀lú ọkọ̀ èké kò tíì fi ìdí nǹkankan múlẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí àwọn àjọ

Àjọ FIVA, tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lágbàáyé jọ, àti ASI ti Ítálì máa ń fún ọkọ̀ ní ìwé ìdánimọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ka àjogúnbá ilé-iṣẹ́ tó ni Alfa Romeo pẹ̀lú ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. FIA ní tirẹ̀ máa ń fún ọkọ̀ ní ìwé ìrìnnà fún ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́.

Àwọn òǹrajà máa ń ṣi ìwé FIA yìí lóye. Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ náà bá ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbà rẹ̀ mu, ó sì lè wọ ìdíje. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà jẹ́ ojúlówó. Àdàkọ tí wọ́n ṣe dáadáa lè gbà á. Ẹni tó bá gbé ìwé yìí jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó ní kò tíì ní ẹ̀rí.

Ojúlówó àti ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí òòfà àti òǹtẹ̀ kò lè dáhùn: bí wọ́n bá ti pààrọ̀ páànù, ẹ́ńjìnnì, rímù àti àga ọkọ̀ kan, ṣé òun náà ni ó ṣì jẹ́? Ìbéèrè yìí kan ọ̀pọ̀ GTA tó sáré ìje, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ Ítálì. Ti Bentley kan ni, tí wọ́n ń pè ní Old Number One, èyí tó gba ipò kìíní ní Le Mans, ilẹ̀ Fáransé, ní ọdún 1929 àti 1930. Ilé-iṣẹ́ kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti sanwó nígbà tó yá, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ní ọdún 1990, Adájọ́ Otton ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ti London dájọ́ pé lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó ni. Ìtàn rẹ̀ kò já láàárín, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Ìyàtọ̀ tí ìdájọ́ yìí fi hàn wúlò fún GTA. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ka sí ohun èlò: mélòó nínú ohun tó wà lára ọkọ̀ ni ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Ojúlówó ń tọ́ka sí ẹni tí ọkọ̀ náà jẹ́: ṣé òkùn ìtàn rẹ̀ so pọ̀ láti ilé-iṣẹ́ títí di òní? GTA tí Autodelta fún ní ara tuntun ní ọdún 1967 lẹ́yìn ìjàǹbá, tí ó sì ń bá eré lọ, jẹ́ ojúlówó. GTA tí ẹnìkan tún dá láti inú ògiri irin kan ṣoṣo lẹ́yìn ogójì ọdún tí ó ti dàwátì kò rí bẹ́ẹ̀, bí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ìwé àdéhùn Torino, tí FIVA fọwọ́ sí ní ọdún 2012, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Ó rọ àwọn tó ni ọkọ̀ àtijọ́ láti tọ́jú ohun tó ti wà kí wọ́n tó ronú àtipààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà díẹ̀ ń sọ ìtàn. Páànù tuntun tó ń dán kò ní ohun tí yóò sọ.

Ètò àyẹ̀wò

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń tẹ̀lé ètò yìí:

1. Wọ́n á béèrè ẹ̀yà GTA tí ọkọ̀ náà jẹ́, wọ́n á sì kọ gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀.
2. Wọ́n á wá ìwé láti Arese kí wọ́n tó lọ wo ọkọ̀ náà, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹwà ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lójú.
3. Wọ́n á yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ni ín wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ṣàmì sí ọdún tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà.
4. Wọ́n á wo òǹtẹ̀ lójú àti lẹ́yìn irin.
5. Wọ́n á wo ríbẹ́ẹ̀tì, ojú àsopọ̀ àti ibi tí ọjọ́ orí ti hàn.
6. Wọ́n á wádìí bóyá ọkọ̀ mìíràn ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà níbikíbi.
7. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, àti ohun tí wọn kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó sábà máa ń gba àkókò jù. Ọkọ̀ tí ìtàn rẹ̀ pé láti 1965 dé 1971, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ní ọdún 23 tí kò sí ẹni tó lè dáhùn fún. Ó lè jẹ́ pé inú gáréèjì ni ó wà. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń rọ irin àlòkù ni ó parí sí.

Pàtàkì rẹ̀

Owó ni ìdí àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Ojúlówó GTA àti àdàkọ rẹ̀ lè dún bákan náà, kí wọ́n sì sáré bákan náà, ṣùgbọ́n ní ibi gbàǹjo, iye wọn jìnnà síra gan-an. Ẹni tó ra ayédèrú lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ tà á.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ọkọ̀ 500 náà ni ẹ̀rí tó kù nípa ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ Arese àti Settimo Milanese ṣe pẹ̀lú alumíníọ̀mù, àtè àti ríbẹ́ẹ̀tì nígbà tí òfin ní kí wọ́n ta ọkọ̀ eré ìje fún gbogbo ènìyàn. Bí ayédèrú kan bá wọ inú ìwé ìtàn pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ mìíràn, àwọn tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ṣe GTA lẹ́yìn náà yóò máa fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń ṣòro láti tún ṣe, nítorí pé ayédèrú àná ni wọ́n á fi díwọ̀n ojúlówó ọ̀la.